Gbòǹgbò Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Bí A Ṣe Ń Jí Ọ́kíìdì Tó Ti Gbẹ

Bí ewé ọ́kíìdì bá ti rọ, tó hunjọ, tó sì ń dorí kodò létí ìkòkò, omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré bù sí i. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ewé náà kò nà, wọ́n á tún bu òmíràn. Kò ní pẹ́ tí yóò fi kú, ẹni tó ni ín á sì sọ pé ọ́kíìdì ṣòro tọ́jú. Kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ara ewé ni àmì ti hàn, gbòǹgbò ni àìsàn wà. Púpọ̀ nínú ọ́kíìdì tí òùngbẹ ń pa nínú ilé, inú omi ni òùngbẹ ti ń pa wọ́n: gbòǹgbò wọn ti rà nítorí omi àpọ̀jù, wọn kò sì ní ohun tí wọ́n lè fi mu omi mọ́. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ jí ọ́kíìdì tó ti gbẹ kò gbọdọ̀ bu omi kankan sí i títí yóò fi rí gbòǹgbò rẹ̀ sójú.

Èyí tó pọ̀ jù lọ lọ́jà ni mò ń bá wí, èyí tí wọ́n ń pè ní Phalaenopsis: ewé rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, òdòdó rẹ̀ a sì tò sára ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, funfun tàbí aláwọ̀ àlùkò. Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, ó ṣòro kí ẹ wọ sùpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kí ẹ má bá a níbẹ̀. Ó ti di ẹ̀bùn tí àwọn ènìyàn wa ń gbé lọ síbi ìṣílé, ọjọ́ ìbí àti Ọjọ́ Àwọn Ìyá. Òdòdó rẹ̀ lè wà fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Bí ó bá ti rẹ̀ dànù, ojú gbogbo ilé á kúrò lára rẹ̀. Ìgbà òtútù á wá dé, wọ́n á tan híítà, afẹ́fẹ́ inú ilé á gbẹ táútáú, bẹ́ẹ̀ ojú fèrèsé tí wọ́n gbé e sí, òkè híítà gan-an ló sábà máa ń wà.

Igbó ilẹ̀ Éṣíà ni ilé rẹ̀: Philippines, Indonesia, Taiwan, títí dé àríwá Ọsirélíà. Onímọ̀ ewéko kan, Carl Ludwig Blume, ló fún ẹ̀yà wọn lórúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ní ọdún 1825, Indonesia sì fi ọ̀kan nínú wọn, Phalaenopsis amabilis, ṣe ọ̀kan lára òdòdó mẹ́ta tí wọ́n yàn fún orílẹ̀-èdè wọn. Nínú igbó yẹn, kì í hù nínú ilẹ̀, ara igi ló ń gbé. Wọ́n ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ní í bá tan. Ọ́kíìdì ní gbòǹgbò tirẹ̀, kò sì fa oje igi tó gbé e dání mu. Ó kàn fi gbòǹgbò di èèpo igi mú ni. Òjò á rọ̀ sí i, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á gbẹ, òjò á tún rọ̀.

Ẹni tó bá dàgbà nínú oko kòkó nílẹ̀ wa ti rí àwọn ìbátan rẹ̀ rí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn, lára igi obì àtijọ́ tàbí lára ọ̀pẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni Ansellia africana, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, tí àwọ̀ ilẹ̀ sì tò tótòtó sára rẹ̀. Ọyẹ́ ń lù ú lọ́dọọdún, kì í sì í kú, nítorí pé inú igi rẹ̀ tó sanra ló ń tọ́jú omi pamọ́ sí. Phalaenopsis kò ní irú igi bẹ́ẹ̀. Ewé àti gbòǹgbò nìkan ni àká omi rẹ̀. Bí gbòǹgbò kò bá gbé omi wá mọ́, omi inú ewé ni yóò máa ná, ewé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ.

Gbòǹgbò yìí tọ́ sí kí a tẹjú mọ́ ọn. Ẹ wá ọ̀kan tó yè, tó sì ti gbẹ, kí ẹ kán omi sí i lórí. Lójú yín báyìí, àwọ̀ fàdákà tó wà níbi tí omi kàn á pòórá, àwọ̀ ewé á yọ. Èèpo tó bo gbòǹgbò náà kò lẹ́mìí mọ́, òfìfo ni inú rẹ̀, ó dà bíi kànrìnkàn: bí ó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dán bíi fàdákà, bí omi bá kàn án, á fà á mu kíá, á sì mọ́ débi pé àwọ̀ ewé inú lọ́hùn-ún á hàn síta. Láti inú èèpo yìí ni omi ti ń wọ okùn tín-ín-rín tó wà láàárín gbòǹgbò, tó ń gbé e lọ sókè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó mu omi òjò tó ń ṣàn kọjá lára igi kí ó tó bọ́ sílẹ̀. A kò dá a fún jíjókòó sínú omi. Bí ó bá rin gbingbin fún ọjọ́ pípẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀, á rà.

Ohun kan ṣì wà tó ń mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ewébẹ̀ inú ọgbà. Òru ni ọ́kíìdì yìí ń ṣí àwọn ihò wínníwínní tí ewé rẹ̀ fi ń mí, ọ̀sán ló ń pa wọ́n dé. Oòrùn kì í tipa bẹ́ẹ̀ fa omi rẹ̀ lọ. Ẹ̀fọ́ tí a kò bomi rin láàárọ̀ lè rọ lọ́sàn-án, kó sì jí padà lálẹ́. Ti ọ́kíìdì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí ewé rẹ̀ hunjọ, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí omi kò ti wọlé sí i mọ́, yóò sì tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó mu àmuyó padà. Ẹni tó bá ń retí kí ewé nà láàárọ̀ ọ̀la yóò tún bu omi míì sí i, yóò sì pa á.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan rí, owó kékeré kọ́ ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọkọ̀ ojú omi ń kó ọ́kíìdì dé láti ilẹ̀ olóoru, àwọn ọlọ́rọ̀ sì ń kó wọn sínú ilé gíláàsì tí wọ́n dáná sí, tí wọ́n sé pa, tí wọ́n sì ń fi omi rin nígbà gbogbo. Èrò wọn ni pé ohun tó bá wá láti ilẹ̀ olóoru, ooru àti ọ̀rinrin nìkan ló ń fẹ́. Àwọn òdòdó náà kú lọ bẹẹrẹ. Joseph Paxton, tó di olórí olùtọ́jú ọgbà ilé ńlá Chatsworth ní ọdún 1826, wà lára àwọn tó yí ọwọ́ padà: ó jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé, ó dín ooru kù fún àwọn tí kò fẹ́ ẹ, ọ́kíìdì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkòkò alárànbarà tí kò nídìí lílu, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ń ti ike ọ́kíìdì bọ̀ lónìí, ìwà ilé gíláàsì àtijọ́ yẹn gan-an ló ń hù. Omi tí ẹ bù sí i kò rí ibi jáde, ó jókòó sísàlẹ̀, gbòǹgbò ń jókòó sínú rẹ̀, ojú yín kò sì tó o.

Nítorí náà, ẹ fà á jáde. Ẹ yọ ike kúrò nínú ìkòkò, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ike náà yíká díẹ̀díẹ̀ kí gbòǹgbò tó lẹ̀ mọ́ ọn lè tú, ẹ di ìdí òdòdó náà mú (ẹ má fi ewé fà á), kí ẹ sì rọra gbé e jáde. Ẹ gbọn èèpo igi tó wà níbẹ̀ dànù. Bí ó bá ti kúnná, tó sì ń rùn, kò wúlò mọ́. Kí ẹ wá ti ìka bọ àárín gbòǹgbò. Àwọn tó ń gbìn ín fún títà sábà máa ń fi mọ́ọ̀sì dì í nídìí nígbà tó wà ní kékeré, ìdì mọ́ọ̀sì yẹn kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí yóò fi dé ilé yín. Èèpo igi tó wà yíká á ti gbẹ, ìdì àárín á ṣì rin gbingbin. Ẹ fi ọwọ́ ya á kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni gbòǹgbò púpọ̀ ti ń rà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣan gbòǹgbò, kí ẹ sì máa fi ìka méjì tẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó yè á le. Ó lè jẹ́ àwọ̀ ewé, ó lè funfun, èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì lè pọ́n rúsúrúsú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti le lábẹ́ ìka, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó ti rà á rọ̀, omi dúdú á jáde lára rẹ̀, èèpo rẹ̀ á bọ́ sí yín lọ́wọ́, okùn tín-ín-rín àárín nìkan ni yóò ṣẹ́kù. Èyí tó gbẹ kú á fúyẹ́, á rí pẹlẹbẹ, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìka ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé níbi báyìí, ojú lè tan yín. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo agbárí rẹ̀, ibi tí ewé tuntun ti ń yọ. Bí ibẹ̀ bá ti dúdú tó sì rọ̀, tí ewé òkè kàn ń fà yọ wẹ́rẹ́, kò sí ewé tuntun níbẹ̀ mọ́. Ìdí rẹ̀ lè yọ èéhù lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń gbọ́kàn lé. Ewé ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo tó ń pọ́n kì í ṣe àìsàn, gbígbó ló gbó.

Ẹ fi sípíríìtì nu sísọ́ọ̀sì, tàbí kí ẹ fi iná rà á, kí ẹ tó fi gé ohunkóhun, kí ẹ sì tún nù ún kí ẹ tó fi kan ọ́kíìdì mìíràn, nítorí ẹnu sísọ́ọ̀sì ni àìsàn ń gbà ran èkejì. Ẹ gé gbogbo gbòǹgbò tó ti rà àti èyí tó gbẹ kú. Gbòǹgbò tó yọ síta lókè ìkòkò, ẹ dákun, ẹ má gé e. Àwọn ènìyàn ń gé e nítorí pé kò bójú mu lójú wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà mìíràn, òun nìkan ló kù tó ń bọ́ odindi òdòdó. Ọ̀pá òdòdó ni kí ẹ gé. Ó máa ń dunni, pàápàá bí òdòdó bá ṣì tàn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òdòdó ń jẹ nínú ìwọ̀nba omi tó kù. Ẹ fi í sínú ife omi lórí tábìlì, ẹ ó máa wò ó fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Bí gbòǹgbò tó le bá ṣì pọ̀, tó jẹ́ pé àìrí omi mu gan-an ló ṣe é, iṣẹ́ yín rọrùn. Ẹ rẹ gbòǹgbò náà sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí omi má dé agbárí rẹ̀, kí ẹ gbé e jáde kí omi ro tán, kí ẹ sì gbìn ín sínú èèpo igi tuntun. Bí ó bá ti tún di àwọ̀ fàdákà, ẹ tún un rẹ. Rírẹ yìí ṣe pàtàkì, torí pé èèpo igi tó ti gbẹ pátápátá kì í gba omi. Bí ẹ bá ń bù ú sí i látòkè, omi á gba ẹ̀gbẹ́ ike kọjá, á jáde nísàlẹ̀, ẹ ó rò pé ẹ ti bomi rin ín, gbòǹgbò kò sì rí nǹkan kan mu.

Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ kù ẹyọ kan tàbí méjì, tàbí tí kò kù rárá, ni ọ̀ràn wà lọ́rùn rẹ̀. Kò ní ẹnu tí yóò fi mu omi, rírẹ kò sì lè ṣe púpọ̀ fún un. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ dènà kí omi inú ewé má tán kí gbòǹgbò tuntun tó yọ. Bí ẹ bá gé ohun tó ti rà tán, ẹ jẹ́ kí ojú egbò rẹ̀ gbẹ fún wákàtí mélòó kan níbòòji. Ẹ ra mọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní sphagnum, ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ sì fún un títí omi kò fi ní kán mọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sínú ike kan tí ìmọ́lẹ̀ lè wọ̀, ẹ gbé ọ́kíìdì náà lé e lórí, kí ìdí rẹ̀ kàn fara kan mọ́ọ̀sì láìrì sínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó. Ibi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kì í ta sí ni kí ẹ gbé e sí, nítorí oòrùn á se é nínú ọ̀rá yẹn, kí ibẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìwọ̀n 20 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ máa ṣí i lójoojúmọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bí mọ́ọ̀sì bá bu funfun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí tuntun gbẹ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ó lè gba oṣù kan, ó lè gba mẹ́ta, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá jẹ́ àárín òtútù, kí ẹ tó rí orí gbòǹgbò tuntun tó ń yọ nídìí ewé, tó ń dán, tó tutù yọ̀yọ̀ tàbí tó pọ́n díẹ̀. Ewé lè má tíì nà nígbà náà. Ewé tó ti hunjọ gan-an kì í sábà padà sí bó ṣe wà, kódà bí òdòdó náà bá ti yè. Gbòǹgbò tuntun àti ewé tuntun ni ẹ̀rí tó dájú.

Lásìkò ìdúró yìí ni ìmọ̀ràn á máa wá láti ọ̀tún àti òsì: omi ṣúgà, omi ìrẹsì, omi ààyù, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, yìnyín. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ yẹra fún gbogbo rẹ̀. Ewé ń ṣe ṣúgà tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ bù sínú omi, olú àti kòkòrò ló ń bọ́, bí ó bá sì pọ̀ jù, ńṣe ni yóò máa fa omi jáde lára gbòǹgbò tí ẹ fẹ́ kó mu omi. Ìyẹ̀fun sínámónì ń gbẹ egbò, ìdí nìyẹn tí a fi lè wọ́n díẹ̀ sójú egbò ewé, ṣùgbọ́n lára gbòǹgbò tí òùngbẹ ń gbẹ, ìpalára ni. Fífi omi fọ́n ewé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní èrè kankan, nítorí ìda tó bo ewé náà kì í jẹ́ kí omi wọlé, bí omi bá sì sùn sí agbárí, ibẹ̀ á rà. Nínú igbó, ńṣe ni Phalaenopsis ń kọ ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ lára igi, ewé rẹ̀ á dojú kọlẹ̀, òjò á sì ṣàn kúrò. Àwa la gbé e nàró sínú ìkòkò. Bí omi bá ta sí agbárí rẹ̀, ẹ fi tíṣù fà á gbẹ. Ajílẹ̀ pàápàá, ẹ jẹ́ kó dúró di ìgbà tí gbòǹgbò tuntun bá ti gùn tó ìka ọwọ́, kí ẹ sì fi omi là á di ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Nígbà náà ni èyí tó wà nínú ọ̀rá yóò tó wọ ìkòkò. Ike tí a lè rí inú rẹ̀ látìta ló dára jù, kó ní ihò nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má sì tóbi ju gbòǹgbò tó wà níbẹ̀ lọ, nítorí ike ńlá kì í tètè gbẹ. Èèpo igi páìnì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi gbìn ín. Yẹ̀pẹ̀ inú ọgbà á dí i mú, á sì pa á. Kò sí ọjọ́ kan pàtó láàárín ọ̀sẹ̀ tí a ń bomi rin ọ́kíìdì. Gbòǹgbò inú ike ni yóò sọ fún yín. Bí ó bá ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ fi í sílẹ̀, bí ó bá ti di fàdákà, tí ìkòkò sì fúyẹ́ lọ́wọ́, ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ jẹ́ kó ro. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù le, funfun tó ń fi sára kẹ́tùlù náà ló ń fi sára gbòǹgbò. Ẹni tó bá lè gbe omi òjò, kó gbè é. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn ló dára, níbi tí oòrùn àárọ̀ nìkan ti ń dé.

Ẹ má retí òdòdó láìpẹ́. Èyí tó pàdánù gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lágbára. Bí ó bá yọ ọ̀pá òdòdó nígbà tí ewé rẹ̀ kò tíì ju méjì lọ, ẹ gé e. Ìtura ojú ọjọ́ ló ń mú kí Phalaenopsis tanná. Bí ooru ojúmọ́ bá ń ju ìwọ̀n 28 lọ nígbà gbogbo, ewé ni yóò máa yọ láìní òdòdó, ohun tó sì jẹ́ kó ṣòro kó tún tanná ní Èkó láìsí ẹ̀rọ amúlétutù nìyẹn. Ní ilẹ̀ òtútù, ìgbà tí ooru ẹ̀ẹ̀rùn bá lọ tí alẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù ni yóò yọ ọ̀pá fúnra rẹ̀.

Ó máa ń tó ọdún méjì sí mẹ́ta kí olùgbìn tó mú ọ̀kan láti kékeré títí yóò fi tanná fún títà. Àwọn sùpámákẹ́ẹ̀tì sì ń dín owó rẹ̀ kù gidigidi nígbà tí òdòdó bá ti rẹ̀, wọ́n á tì í sí igun kan, ewé rẹ̀ á ti máa hunjọ. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ gbé ike rẹ̀ sókè, kí ẹ wo inú rẹ̀ látìta. Bí gbòǹgbò mélòó kan bá ṣì le, tó jẹ́ fàdákà tàbí àwọ̀ ewé, tí agbárí rẹ̀ kò sì dúdú, ẹ rà á, yóò yè. Bí gbogbo gbòǹgbò bá ti dúdú tí agbárí sì ti rọ̀, ẹ dá a padà síbẹ̀, kí ẹ fi owó yín sápò.